Bàbá Ilé Ẹni Méjìdínlógójì

Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n kì í wọ yàrá ìpàdé bí ènìyàn lásán ṣe ń wọ̀ ọ́. Igbákejì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé, á nu àga tó ti nù tẹ́lẹ̀, á wá lọgun pé, "Ẹ dìde o, Ọ̀gá ń bọ̀!" Gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Ọ̀gá tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàárọ̀ á tún dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹsẹ̀ lè dùn wọ́n dáadáa kó tó wọlé. Ẹni méjìdínlógójì ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yẹ ìwọ̀n àwọn alápatà wò, àti ti àwọn tó ń ta wúrà, àti ẹ̀rọ àwọn ilé epo, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ aráàlú jẹ. Ó yẹ ká sọ iṣẹ́ náà síbí, nítorí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Ìyá Òṣùwọ̀n. Yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń tún àwọn ìwọ̀n tó ń purọ́ ṣe láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Tí ẹ bá gbé irin ìwọ̀n lé e lọ́wọ́, á sọ fún yín bóyá ó pé tàbí kò pé, ẹ ò tíì wá ẹ̀rọ rárá. Ní ọjọ́ Ajé tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ìyá náà kò ti rí ju òjìji lọ. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ á jẹ́ kó tún ríran, ó sì ti dá ọjọ́ fún wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìgbà náà. Tí ọjọ́ ọ̀hún bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀, ìyá sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Tó bá fi díẹ̀ kún un nínú owó oṣù, tó sì yá ìyókù nínú Àpò Ìrànwọ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń dá owó sí lóṣooṣù, ó parí.

Ọ̀gá wọlé. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ẹ̀yin tí mo ń ronú fún nítorí pé ẹ ò ráàyè ronú fúnra yín! Kí ló ń sọ òṣìṣẹ́ di òtòṣì? Ṣé owó oṣù tó kéré ni?"

Ẹnì kan lẹ́yìn fẹ́ẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Igbákejì wò ó lójú, onítọ̀hún sì sọ ọ̀rọ̀ náà di ikọ́.

"Rárá o! Àìmọ owó ná ni! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí oògùn rẹ̀. Atọ́nà-Àpò lorúkọ rẹ̀. Inú fóònù ló ń gbé. Ẹ ó so báńkì yín mọ́ ọn, á máa wo gbogbo kọ́bọ̀ tí ẹ bá ná, á máa gbà yín nímọ̀ràn, á sì fún yín ní máàkì lórí ọgọ́rùn-ún. Ọdún kan ni a ó san owó rẹ̀ papọ̀. A ó yọ ọ́ nínú owó oṣù yín, kó má baà di wàhálà fún yín."

Ìyá Òṣùwọ̀n nawọ́. "Ẹ má bínú, sà. Mo gbọ́ pé irú rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà. Èmi ò tiẹ̀ lo èyíkéyìí, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo máa ń kọ ìnáwó tèmi sí."

"Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà!" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Igbákejì náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rí i dájú pé tiẹ̀ pẹ́ ju ti Ọ̀gá lọ. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Afẹ́fẹ́ lọ̀fẹ́, òjò lọ̀fẹ́, ẹ wo bí gbogbo yín ṣe ń fi wọ́n ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú owó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ náwó!"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!" ni Igbákejì wí, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó tutù!"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Wàyí o, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta Atọ́nà-Àpò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ra tirẹ̀ ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré. Tàbí kí bàbá ilé kan ra Ètò Ẹbí, èyí tó gba ogójì ènìyàn ní owó ẹni mẹ́fà péré. Ọ̀gá gba owó odidi lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ra Ètò Ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ti mọ àpò tí owó ẹni méjìlélọ́gbọ̀n tó ṣẹ́kù bọ́ sí. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè pé ta ni bàbá ilé, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó béèrè orúkọ àwọn ọmọ, ó kọ ti gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan bàbá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó lè bí i lọ́mọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé bàbá ilé á máa rí ìnáwó àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà á sì máa rí ti bàbá ilé, kí òtítọ́ lè jọba láàárín ẹbí. Ọ̀gá tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo ti kà á, mo sì gbà" sí. Ẹ má dá a lẹ́bi lórí ìyẹn o. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ta ló kà á rí?

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ilé ti gun ẹṣin aáyán. Kò fi "ẹ" bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà. "Ìwọ bàbá yìí," ló máa wí fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, "o ra tíì lẹ́ẹ̀mejì lánàá. Ṣé ẹnu rẹ jóná ni?" Bàbá ẹ̀ṣọ́ á sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Igbákejì á dúró níwájú gbogbo wọn, á kéde pé, "Máàkì Bàbá Ilé wa lọ́sẹ̀ yìí, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún!" Wọn á pàtẹ́wọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáwọ́ dúró á ní láti ṣàlàyé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Ọ̀gá kò tíì so báńkì tirẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Igbákejì ló ń ronú kan máàkì náà nígbà tó bá ń fá irùngbọ̀n.

Nígbà tí owó oṣù wọlé, Ìyá Òṣùwọ̀n rí i pé ìdajì ti lọ. Ó jókòó sórí àpótí nínú yàrá rẹ̀. Bó ṣe ń wo iye náà ni fóònù rẹ̀ dún. Atọ́nà-Àpò ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni ọ̀rọ̀ náà wí. "A ti yẹ gbogbo ìnáwó yín wò. Owó ilé, owó ọkọ̀, oúnjẹ, oògùn ìyá: kò sí èyí tí ẹ lè dín kù níbẹ̀. Ìnáwó kan ṣoṣo tí a rò pé ẹ lè fagi lé ni: Atọ́nà-Àpò."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá pe ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé. "Àbúrò, jọ̀ọ́ bá mi wò ó. Ṣé ohun tí mo rí ni wọ́n kọ síbí?"

Ọmọbìnrin náà kà á. "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹ rí náà ni."

"Mo san ìdajì owó oṣù mi kí ó lè sọ fún mi pé kí n má san án?"

"Ó sì ti yọ owó náà kó tó sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n tó wà lórí tábìlì fi ń mì. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, owó náà kò padà. Ìyá Òṣùwọ̀n tún gèlè rẹ̀ wé, ó gba ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ láti lọ yá owó nínú Àpò Ìrànwọ́.

Ọ̀gá wà lórí àga tuntun kan tó ń gbọ̀n jìgìjìgì tó sì ń tẹ ẹni tó bá jókòó sí i lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ń gbọ̀n pẹ̀lú àga. Lẹ́yìn rẹ̀ lára ògiri, àwòrán rẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó bá wọlé.

"Máàkì rẹ jẹ́ mọ́kànlélógójì," ló wí, kò tilẹ̀ dáhùn ìkíni rẹ̀. "Ní Ọjọ́rú, o ra búrẹ́dì méjì. Kí lo fi èkejì ṣe?"

"Ìyá mi ni mo rà á fún, sà."

"Ṣé ó kọ̀wé béèrè ni?"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìyá mi náà ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù sí ọjọ́ tí dókítà dá. Díẹ̀ ni mo fẹ́ yá. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń dá owó sí àpò yẹn, mi ò yá kọ́bọ̀ rí."

Ọ̀gá pa àga náà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dúró dáadáa. "Àkọ́kọ́, Atọ́nà-Àpò ní agbára rẹ kò gbé gbèsè. Èkejì, Àpò Ìrànwọ́ ti gbẹ. Ó gbẹ táútáú. Ẹ̀kẹta, kí ni arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tún fẹ́ máa wò? Gbogbo ohun tó yẹ kó rí láyé, ṣé kò tíì rí i ni?" Ó tún tan àga rẹ̀.

Ìyá Òṣùwọ̀n jáde. Inú bí i débi pé kò rí ọ̀nà tó ń tọ̀. Kò sunkún. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó gbé ìwọ̀n alápatà kan sílẹ̀, ó sì ń yọ ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tó bá jẹ́ èmi ló bú, ó tán," ló wí fún ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé. "Màámi wà nílé tó ń ka ọjọ́. Kí ni kí n lọ sọ fún wọn?"

Láàárín àkókò yìí, òkìkí Ọ̀gá ti dé olú ilé-iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé irọ́ tí a bá ń sọ ní gbogbo ọjọ́ Ajé kò lè jókòó sílé. Wọ́n gbọ́ pé ọ̀gá kan wà níbì kan tí máàkì rẹ̀ kò wá sísàlẹ̀ àádọ́rùn-ún, wọ́n sì ń gbèrò láti fi í ṣe ọ̀gá lórí gbogbo ọ́fíìsì, kó lè máa kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba bí a ṣe ń ṣọ́wó ná. Alága ìgbìmọ̀, màmá àgbà kan tó máa ń gbé gíláàsì sí ìmú bí ẹni tó fẹ́ fi ka ẹ̀ṣẹ̀, kọ̀wé pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, pé òun fẹ́ rí máàkì náà lójú ara òun, lára ògiri, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá so báńkì rẹ̀ mọ́ Atọ́nà-Àpò fún ìgbà àkọ́kọ́. Máàkì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló gbé jáde.

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá gbọn fóònù náà, bí ẹni pé máàkì yòókù há sínú rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ìwà yín kọ́ ló kéré," ni Igbákejì wí. "Owó tó wà níbẹ̀ ló kéré. Ẹ so àpò mìíràn mọ́ ọn."

"Àpò wo?"

"Èyíkéyìí tí ẹ bá lè fọwọ́ sí ìwé rẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé Àpò Ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, bí kì í bá ṣe Ọ̀gá? Ó so ó mọ́ ọn. Àpò tó gbẹ táútáú sì gbé máàkì rẹ̀ lọ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà! Ọ̀gá fò sókè, ó jó yí àga rẹ̀ ká. Fóònù ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá kí òun fi ìnáwó ọdún han ẹbí. Ijó ti wọ̀ ọ́ lára. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni".

Gbọ̀ngàn kún. Alága ìgbìmọ̀ jókòó síwájú. Igbákejì dìde, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko pe Ọ̀gá: olùṣọ́ àpò, ọ̀tá ìnákúnàá, bàbá ẹni méjìdínlógójì, ọkùnrin tí owó ń tijú láti jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní Atọ́nà-Àpò kì í ṣìṣe, kì í purọ́, kì í ṣojúsàájú. Ó ní iye yòówù kí wọ́n máa tà á, ẹni tí kò bá rà á ti ja ara rẹ̀ lólè. Lẹ́yìn náà ló tan máàkì rẹ̀ sára ògiri. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún! Àtẹ́wọ́ sọ.

Bí àtẹ́wọ́ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni fóònù kan dún. Òmíràn dún. Kò pẹ́, méjèèjìdínlógójì ń dún papọ̀.

"Kí ló dé?" ni Alága béèrè.

Bàbá ẹ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ ka tirẹ̀ tán. "Bàbá wa ni, Màmá. Ó ń jẹ́wọ́ fún àwa ọmọ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà sì yọ lára ògiri, gàdàgbà, pẹ̀lú òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹ kú oríire, ẹ̀yin ẹbí! Ẹ wo bí Bàbá Ilé ṣe náwó láti inú Àpò Ìrànwọ́ Òṣìṣẹ́ lọ́dún yìí. Àga tó ń tẹni lẹ́yìn, ọ̀kan. Àwòrán Bàbá Ilé, mẹ́ta. Ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn láti kí Bàbá Ilé kú ọjọ́ ìbí. Ẹni tó kí i: Bàbá Ilé." Lábẹ́ rẹ̀ ni iye tó ṣẹ́kù sínú àpò wà. Ó tó láti la ojú ogún arúgbó.

Ìyá Òṣùwọ̀n wà lórí ìdúró, kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí òun dìde. "Ọ̀gá," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ga rárá, "ẹ ní àpò yẹn ti gbẹ. Ẹ ní kí ni ìyá mi tún fẹ́ máa wò."

"Ìyá wa," ni Ọ̀gá wí. Ẹ gbọ́ o, ó ti di "Ìyá wa"! "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀rọ yìí ń purọ́ ni."

Alága gbé gíláàsì sí ìmú. "Èyí tí ẹ ní kì í purọ́ lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó... Màmá, wọ́n ṣì ń dán an wò ni."

"Ó dáa. Tó bá ń purọ́, ẹ ti fipá gba owó àwọn ènìyàn wọ̀nyí fún ẹ̀rọ onírọ́. Tó bá ń sọ òótọ́, ẹ ti jí owó wọn. Ẹ mú ọ̀kan."

Ọ̀gá wo Igbákejì. Igbákejì ti gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. "Màmá," ló wí láti ibẹ̀, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún wọn."

Alága kọjú sí Ìyá Òṣùwọ̀n. "Ẹ̀yin tí ẹ dìde yìí, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mo ń tún ìwọ̀n ṣe, Màmá."

"Ẹ wá sọ fún mi. Ẹ̀rọ yìí, ṣé ó tó owó tí ẹ san lé e?"

Ìyá Òṣùwọ̀n rò ó díẹ̀. "Fún èmi, kò tó o, Màmá. Owó mi kò pọ̀ débi tí màá fi gbàgbé ibi tí mo ná an sí. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tó fún mi ni pé kí n má rà á, ó sì ti gba owó mi kó tó gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá wa tọ́jú owó wa ńkọ́? Ẹ so ó mọ́ tiwọn. Iye tí wọ́n bá pè é, kí wọ́n san án lápò ara wọn."

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ lọ, wọ́n sì ní kó dá gbogbo owó tó gbà padà. Wọ́n gbé Igbákejì lọ sí ẹ̀ka kan tí kò ní ọ̀gá kankan, ibi tí kò ti rí ẹni tó máa yìn. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni wọ́n ti san owó Ètò Ẹbí sí, bàbá ilé kò sì lè kúrò nínú ẹbí àfi tí gbogbo ọmọ bá fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Fún oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. "Bàbá Ilé wọ ọkọ̀ èrò." "Bàbá Ilé ra ọṣẹ ìfọṣọ, èyí tó kéré jù." Bàbá ẹ̀ṣọ́ á gbọ́ ọ, á mi orí. "Ọmọ náà ti ń gbìyànjú," ló máa wí.

Ní ti Ìyá Òṣùwọ̀n, Àpò Ìrànwọ́ yá a lówó ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ tí dókítà dá kò sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú aṣọ kúrò lójú ìyá náà, ó wo fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wo obìnrin tó dúró tì í.

"Ìwọ rèé?"

"Èmi ni, Màámi."

Ìyá na ọwọ́ sí irun rẹ̀. "Gbogbo rẹ̀ ti funfun. O tún rù. Ọdún mẹ́rin péré kọ́ nìyí? Kí ni wọ́n fi ojú ọmọ mi rí níbi iṣẹ́ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Màámi."

"Bí o ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn látọjọ́ yìí, mo sì máa ń gbà á gbọ́, torí mi ò rí ọ." Ìyá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì. "Jókòó síbí. Sọ ọ́ fún mi báyìí tí mo ti ń wò ọ́."

Ìyá Òṣùwọ̀n jókòó, ó ya ẹnu láti sọ ọ́, ẹkún ló jáde.